Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ogun mú kí ẹ̀yin àti rẹ̀ pínyà
Lónìí ní Oyingbo, ìyá kan tó sá wá láti Gwoza ní ìpínlẹ̀ Borno na fọ́tò ọmọ rẹ̀ sí mi. Oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni Boko Haram gba ìlú wọn. Ìyá gba orí òkè Mandara sá lọ sí Kamẹrúùnù, ọmọ bá àwọn ẹlòmíràn sá gba ọ̀nà tiwọn. Wọn ò tíì fojú kanra.

Ẹ jọ̀ọ́, Red Cross máa ń báni wá ẹbí, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá, gbájú-ẹ̀ ni.

Orúkọ nìkan kò tó o, Musa pọ̀ ní Borno. Ẹ sọ orúkọ bàbá, ìyá àti bàbá àgbà, ìnagijẹ ilé, abúlé, ibi tẹ́ ẹ ti rí i kẹ́yìn àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Fún ọmọdé, ẹ má gbàgbé àpá ara: ojú ọmọ ọdún 4 á ti yí padà kó tó pé 15, àpá iná kì í sábà parẹ́.

Nọ́ńbà fóònù ló máa ń dà á rú jù. Wọ́n lè rí ọmọ, kí síìmù ìyá má wọlé mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà ẹni méjì mìíràn kún un, kẹ́ ẹ sì padà lọ sọ bẹ́ ẹ bá kó kúrò.

Red Cross tún máa ń bá àwọn ẹbí tó pínyà gbé létà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan ni kó wà nínú rẹ̀. Ṣíṣí ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n sì máa ń kà á, nítorí náà ẹ má dárúkọ ogun tàbí òṣèlú. Ìyá yẹn ní kí n kọ ọ́ báyìí: mo wà láàyè, Èkó ni mo wà.