Nídìí àdògán màmá alákàrà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ máa gbé sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́, kọ́ sí àdúgbò yín, ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti ṣìṣe.

Mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ gbé kọ́ ní Kubwa l'Ábùjá, irú sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní PMS5003, tí kò wọ́n yẹn. Ọ̀kan wà nítòsí ibi tí màmá kan ti ń din àkàrà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé 400 míkírógíráàmù jáde, ni mo bá ń pariwo pé afẹ́fẹ́ Kubwa ti bàjẹ́. Màmá ní: "Ọmọ mi, ṣé èéfín ìdí àdògán mi lo fi ń wọn gbogbo Kubwa?" Ojú tì mí. Ìwọ̀n 15 míkírógíráàmù nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ní 2021 fún PM2.5 (eruku wẹ́wẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju míkírómítà 2.5 lọ), ti odindi ọjọ́ kan ni. Ẹ má fi 400 ìṣẹ́jú kan wé e.

Sẹ́ńsọ̀ yìí kì í wọn ìwúwo eruku. Fáànù kékeré ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, iná lésà ń tàn sí i, ẹ̀rọ ń wo bí eruku ṣe ń dán, ó wá ń ṣírò ìyókù. Ìdí nìyẹn tí kùrukùru òwúrọ̀ ìgbà òjò fi ń tàn án jẹ: omi á mú kí eruku wẹ́wẹ́ wú, òǹkà á sì fò sókè. Ẹ máa kọ ọ̀rinrin sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọyẹ́ ló wá là mí lójú jù. Lóṣù Kejìlá, mo fi ìka kọ orúkọ mi sára gíláàsì mọ́tò, ó hàn ketekete. Mo wo fóònù: PM10, èyí tó ka eruku tó tóbi tó míkírómítà 10 mọ́ ọn, kò fi bẹ́ẹ̀ ju PM2.5 lọ! Eruku aṣálẹ̀ tó ń ti apá Chad wá, èyí tó tóbi pọ̀ nínú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ yìí kì í sì í rí irú wọn dáadáa. Àfojúdíwọ̀n ni PM10 rẹ̀. Èmi kì í fi han ará àdúgbò mọ́.

Kí ẹ tó pín wọn káàkiri, ẹ so gbogbo wọn pọ̀ sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú tèmi ń yàtọ̀ ṣáá. Nígbà tí mo tú u, aláǹtakùn ti ta okùn dí ẹnu fáànù. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ gidi tó ń wọn eruku afẹ́fẹ́ dáadáa, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí tiyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, torí àtúnṣe tí ẹ máa ṣe sí òǹkà nígbà òjò kì í bá ti ọyẹ́ mu.

Mo fẹ́ ká èyí tó wà nídìí àkàrà kúrò. Màmá ní: "Èmi tí mò ń fà á símú ńkọ́?" Mo fi í sílẹ̀, mo kọ "ìdí àdògán" sí i lára.