C8 lókè, A0 nísàlẹ̀: ibi tí iṣẹ́ dùùrù wa dé

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ látẹ̀yìn mọ̀ pé orin ìyìn tí mò ń tò fún dùùrù àti akọrin ti ń parí lọ. Ẹsẹ mẹ́ta ti wà nínú MuseScore (ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ nóòtù), ọ̀rọ̀ orin ti wọlé. Ìparí ẹsẹ kẹrin ló kù, òun náà ló gba gbogbo alẹ́ àná mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún parí sórí C8, kí ọwọ́ òsì parí sórí A0, ìpẹ̀kun dùùrù lápá méjèèjì. Láìsí 8va (àmì tó ní kí a tẹ nóòtù ní octave kan, bíi láti C dé C tó tẹ̀ lé e, sókè ju bí a ṣe kọ ọ́), C8 yóò gun ledger line (ìlà kékeré tí a ń fi kún òkè tàbí ìsàlẹ̀ ìlà márùn-ún orin) mẹ́sàn-án, yóò sì ya wọ inú ọ̀rọ̀ orin àwọn akọrin tó wà lókè rẹ̀. A0 ní tiẹ̀ yóò máa rọ̀ lábẹ́ ledger line kẹfà. Ta ló fẹ́ jókòó ka ìyẹn lọ́jọ́ Sunday?

Mo bá fi 15ma (octave méjì sókè) sí òkè, 8vb (octave kan sísàlẹ̀) sí ìsàlẹ̀, ni wàhálà bá dé. LilyPond, ètò mìíràn tí a fi ń kọ nóòtù, ni mo ti kọ́kọ́ kọ apá yìí. Níbẹ̀, tí ẹ bá kọ \ottava #2 (15ma tiwọn nìyẹn), ohùn ò yí padà, orí nóòtù nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ti MuseScore yàtọ̀ pátápátá: orí nóòtù ò kúrò lójú kan, ohùn ló ń gbéra. Ni C8 bá di C10! MIDI (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ nóòtù) pàápàá, 127 ló parí sí. C10 ì bá jẹ́ 132. A0 tó jẹ́ 27.5 Hz já sí 13.75 Hz, ó wá ń kùn bí ẹ̀rọ ata tí epo ń tán nínú rẹ̀.

Ohun tó tú u ni pé kí ẹ mú gbogbo nóòtù tí ìlà àmì náà (15ma tàbí 8vb) bò, kí ẹ tẹ Ctrl àti ọfà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún 15ma. Fún 8vb, Ctrl àti ọfà òkè lẹ́ẹ̀kan. C8 wá jókòó sórí ledger line kejì, ó mọ́ lójú. Ẹ ṣọ́ ìdí ìlà 15ma náà o. Bí kò bá dé orí nóòtù tó kẹ́yìn, nóòtù yẹn nìkan ni yóò já bọ́ sísàlẹ̀. Shift àti ọfà ọ̀tún lẹ ó fi fà á dé ibẹ̀.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ọ́gáànù lẹ ń gbádùn. Stop 16′ (ohùn ọ́gáànù tó wúwo) orí pẹ́dàlì fúnra rẹ̀ ń dún ní octave kan sábẹ́ ohun tí a kọ, ta ló ń wá 8vb kiri?)

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni àbúrò tó ń tẹ dùùrù fún wa fi ohùn ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, 15ma ò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ yọ 8vb yẹn. A1 lẹ ti kọ, kí ẹ kàn ní kí n fi octave ìsàlẹ̀ kún un.” Òótọ́ ni, àtàǹpàkò rẹ̀ á kúkú ti wà lórí A1, octave kan sókè A0. 8vb ti lọ nìyẹn; “coll’ 8va bassa” (fi octave ìsàlẹ̀ kún un) ló rọ́pò rẹ̀. MuseScore ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìyẹn, nítorí náà mo kọ A0 sí voice kejì (ìpele nóòtù kejì lórí ìlà kan náà), mo tẹ V kó má hàn. Ó ń dún lọ ní tiẹ̀.

Ó ku MusicXML, irú fáìlì tí ètò orin kan fi ń gbé nóòtù fún òmíràn. Níbẹ̀, “down” ni wọ́n ń pe 15ma (nítorí a kọ nóòtù sísàlẹ̀ ju bó ṣe ń dún), size rẹ̀ sì jẹ́ 15, nítorí náà mo máa ṣí fáìlì náà wò kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.