Ọdún tí mo jí ẹyẹ mẹ́ta

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Bí mo ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìparí ọdún, mo jókòó sẹ́yìn ilé níbí, l'Òkè-Baálẹ̀, l'Òṣogbo, mo ń ṣírò ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ti owó iṣẹ́ àdìrẹ mi ò gbọ̀rọ̀ púpọ̀: aró wọ́n, kọ́sítíìkì tí a fi ń po ó wọ́n jù ú lọ. Ọmọ mi kejì ṣe WAEC, ó yege, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹyẹ, ṣùgbọ́n orin ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Àwo kan ni mo gbọ́ jù lọ́dún yìí, àwo àtijọ́ ni: The Score, àwo kejì tí Fugees, ẹgbẹ́ olórin ráàpù kan l'Amẹ́ríkà, ṣe. February 1996 ló jáde, mo ṣì wà ní girama nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálé. Wyclef Jean, Lauryn Hill àti Pras. Ara ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń pe ogúnléńdé ni wọ́n ti gé orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Haiti ni wọ́n bí Wyclef sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn òbí Pras ti wá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí ọmọ Oròkí asàlà. Àwo wọn àkọ́kọ́, ti 1994, ò fi bẹ́ẹ̀ tà. Ìgbà tó kan èkejì, wọ́n kó wọnú yàrá abẹ́ ilé mọ̀lẹ́bí Wyclef kan ní New Jersey, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ gbọ́ "Ready or Not" lóru, nígbà tí iná bá lọ tí àdúgbò dákẹ́. Obìnrin kan ń kùn lábẹ́ ìlù, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, bí ẹni pé èèyàn ń gbọ́ odò lókèèrè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé Lauryn ni. Àṣé Enya ni, ará Ireland, láti inú orin rẹ̀ kan ti 1987. Wọ́n gé ohùn rẹ̀, wọ́n lò ó, wọn ò bi í. Nígbà tí ó fẹ́ di ẹjọ́, wọ́n yanjú ẹ̀ nítùbí-ìnùbí, wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀ sí i.

Ọmọ mi ló ka ìtàn yìí fún mi ní oṣù kẹrin. Mi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọwọ́ tẹ èmi náà.

Mo rí àwòrán kan lórí fóònù: ẹyẹ mẹ́ta tó kọ ẹ̀yìn síra, tí ìrù wọn pàdé bí ìràwọ̀. Mi ò wo orúkọ ẹni tó yà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé réésà, ó gbẹ́ ẹ sára fóòmù, a ń tì í bọ àbẹ́là gbígbóná, a ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ funfun, ọgọ́ta ọ̀pá. Nígbà tó jáde nínú aró, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Fóònù dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọdébìnrin ni, ohùn Ẹ̀gbá.

"Ẹ káàsán mà. Ẹyẹ mẹ́ta tó wà lára aṣọ yín un, èmi ni mo yà á o, mà."

Ẹ wo irọ́ tó jáde lẹ́nu àgbà: mo ní ìyá mi àgbà ló fi sílẹ̀ fún mi.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹyẹ ọwọ́ òsì ò lójú, mà. Mo gbàgbé ẹ̀ ni. Ṣé ìyá yín àgbà náà gbàgbé ni?"

Mo wo èyí tó kù lórí okùn. Ẹyẹ ọwọ́ òsì ò lójú lóòótọ́.

Ẹ lè ní, ta ló ni Ìbàdàndùn, ta ló ni Olókun, àwọn àrà àdìrẹ àtijọ́ yẹn, ṣebí gbogbo aláró ló ń yà á? Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa la ni ìyẹn. Ẹyẹ tí kò lójú ní ẹni tó ni ín. Ọmọ Òṣogbo ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀, àwa tí wọ́n pa ìtàn fún pé igi tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú wa dó, gé ló wó sódò, tí ohùn ké nínú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Lẹ́yìn ìkòkò fífọ́ ni wọ́n tó bá Ọ̀ṣun ṣe àdéhùn tí a ṣì ń tìtorí ẹ̀ ṣọdún ní gbogbo August.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo san ₦45,000 fún un, mo sì ń kọ orúkọ ẹ̀ sí etí aṣọ báyìí.

Àwọn Fugees kan náà bèèrè ti "Killing Me Softly" o. Wọ́n fẹ́ yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà, kí wọ́n sọ ọ́ di orin nípa oògùn olóró àti ìṣẹ́. Àwọn tó ni orin ní rárá. Ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, òun ló sì gbé wọn dé ipò kìíní ní Britain lọ́dún náà. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ̀ fún wọn. Pé wọn ò ṣe àwo kẹta mọ́ títí dòní, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọmọ Ẹ̀gbá yẹn. Mo ní mo fẹ́ tẹ ẹyẹ ẹ̀ fún aṣọ ọdún, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú sí ti ọwọ́ òsì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó wò fún ọjọ́ méjì. Òní ló pé ọjọ́ karùn-ún. Aṣọ funfun ogójì ọ̀pá wà lórí tábìlì, a ò tíì yọ́ àbẹ́là.