Alẹ́ tí a sùn sí oko Bàbá

Àwòrán yìí ṣàdédé yọ lórí fóònù mi láàárọ̀ yìí. Ọlidé oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni, ní Ògìdì Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn ọmọ ti rí àgọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní àfi káwa náà sùn síta. Tapólì búlúù la ta mọ́ igi kajú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà bàbá mi, níbi tá a ti ń wo àpáta lọ́ọ̀ọ́kán.

A sun iṣu tuntun, a fi epo jẹ ẹ́. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 4, fi èédú kun imú, ó lóun ti di ológbò. Oorun ò tíì gbé wa lọ tí òjò fi dé (èmi ni mo sọ pé ojú ọ̀run mọ́ o!). Omi kún tapólì, ó wú bí ikùn aboyún, ló bá dà wọ́ọ̀ lé wa lórí.

A sáré wọ abà. Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kí wa bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará àgọ́!"

Ilẹ̀ mọ́, àbíkẹ́yìn ń bi mí pé ìgbà wo ni òjò tún máa pa wá.