Ohun tí kíka Pollyanna sí máíkì kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń wọ iṣẹ́ kíka ìwé fún àwọn tó ń fetí gbọ́ ọ, bí ìwé ìtàn Pollyanna bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má tètè fi ẹ̀rín bò ó. Eleanor H. Porter ló kọ ọ́, ó jáde lọ́dún 1913. Ọmọ ọdún 11 ni Pollyanna. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ pásítọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ni wọ́n bá fi í ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá rẹ̀, Miss Polly, ní Vermont lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ohùn ayọ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ń ba ìwé yìí jẹ́. Ẹ wo orí kẹrin. Yàrá abẹ́ òrùlé ni wọ́n fi ọmọ náà sí: kò sí kápẹ́ẹ̀tì, kò sí àwòrán, kò sí dígí. Kó tó sọ pé inú òun dùn pé òun ò ní máa rí àmì tó-tò-tó ojú òun nínú dígí, ó ti kúnlẹ̀ ti àpótí rẹ̀, ó sunkún, ó ní kò yé òun bí Ọlọ́run àti àwọn áńgẹ́lì ṣe nílò bàbá òun ju òun lọ. Lẹ́yìn ẹkún yẹn, mo máa ń dúró, mo á yí ẹnu kúrò lójú máíkì kí n mí, kí n tó fi ohùn tó ṣì wúwo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ dígí. Ṣe ni ọmọ yẹn ń wá ayọ̀ kiri. Kò bá a nílẹ̀.

Ní ti ohùn ọmọdé, ẹ má fúnmú pọ̀. Ẹ yára díẹ̀ ni, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Miss Polly ní tirẹ̀ kì í pariwo. Ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ tutù, kó sì gé ṣókí.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù ni orí karùn-ún. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè, ọmọlángidi ni Pollyanna ń retí nínú ẹrù ìtọrẹ, ọ̀pá arọ ló bá níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí inú wọn dùn pé àwọn ò nílò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré ka ibẹ̀ bí ìtàn lásán. Olùgbọ́ ò tíì mọ̀ pé ọkọ̀ máa gbá ọmọ yìí, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé e fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá tẹ ohùn mọ́ ọn, ẹ ti tú àṣírí.

Lẹ́tà Pollyanna fúnra rẹ̀ ni orí 32, tó kẹ́yìn. Ó ti rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà láti ibùsùn dé ojú fèrèsé. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gba ohùn orí yẹn sílẹ̀, nígbà tí ọ̀fun ò tíì rẹ̀, torí níbẹ̀ ni ayọ̀ náà ti kún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè gbé ohùn sókè débi tó bá lè dé.