"Mà, ẹ fá orí mi lẹ́yìn mi"

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ṣì ń tì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ l'Ákùúrẹ́ ńbí, ẹ mọ bí kíláàsì wa ṣe ń rí: ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Àkókó, ọmọ Ígbò tí wọ́n bí sẹ́yìn Ọjà Ọba. Mo ní mi ò ní fi bébà kọ́ wọn bí a ṣe ń gba ti ẹni tí kò jọ wá rò. Kí wọ́n pín ara wọn, kí wọ́n tún nǹkan kan ṣe nínú ọgbà.

Ẹgbẹ́ kan yan gbọ̀ngàn lẹ́kíṣọ̀. Àtẹ̀gùn onípele 3 ló wà lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni gbé àpò gàrí ni wọ́n sì ń gbé ọmọbìnrin kan tó ń lo wíìlìṣíà wọlé. Wọ́n dáwó, wọ́n pe bíríkìlà, wọ́n da ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí wíìlìṣíà lè gbà gòkè. Inú mi dùn débi pé mo ti fún wọn ní máàkì lọ́kàn mi.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí i, ríbọ́ọ̀nù wà, ọ̀gá wa wà níbẹ̀, fóònù ti gbòde. Ọmọ náà yí táyà lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó kù díẹ̀ kó gòkè ni táyà iwájú gbéra nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó máa dì mú. Kò sí irin. Ó dà sẹ́yìn, yẹtí rẹ̀ kan bọ́ sínú yanrìn. Ẹnìkan ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run yọ ọ́, kò fara pa. Èmi ló kọjú sí: "Mà, ẹ fá orí mi lẹ́yìn mi."

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyẹn: ẹ bi olórí kí ẹ tó mú abẹ. Ẹ̀kọ́ kejì, ìwọ̀n: fún gíga íǹṣì 1, kí gígùn ọ̀nà jẹ́ íǹṣì 12. Gíga tiwa jẹ́ íǹṣì 18, ẹsẹ̀ bàtà 18 ló yẹ. Ẹsẹ̀ bàtà 5 ni wọ́n dà. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n lórí. Ká ní a bi í ni! (Ẹ má sọ pé mi ò bójú tó wọn, iṣẹ́ ọmọ 140 ni mò ń máàkì. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara sì fún ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe irú ọ̀nà yìí; ó yẹ kó ti wà kí àwọn ọmọ tó dáwó.) Ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ bi í náà ni.

A fọ́ ọ, a tún un dà, irin wà lápá méjèèjì. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló di tépù ìwọ̀n mú.

Lánàá, ẹgbẹ́ mìíràn ní àwọn fẹ́ ṣe nǹkan fún àwọn adití. Mo bi wọ́n pé adití mélòó ló wà láàárín wọn. Wọ́n ń wo ara wọn.