Ẹ Máa Wo Onílù: Ohun tí Ojú Èmi àti Màmá Mi Rí Níbi Eré Ọ̀gá Olórin Kan

Sátidé tó kọjá yìí ló ṣẹlẹ̀, inú mi ò sì tíì rọ̀. Mo kọ́kọ́ kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí WhatsApp, wọ́n bú mi. Wọ́n ní mo rí àgbà olórin fín. Mi ò rí ẹnikẹ́ni fín o. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, tó gbé ìyá ẹni ọdún 71 láti Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn lọ sí Ìkẹjà, tó jókòó fún wákàtí márùn-ún kí olórin tó yọjú, ẹ jẹ́ kó ráyè sọ tẹnu rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ọ̀gá náà. Kì í ṣe King Sunny Adé, kì í ṣe Ebenezer Obey, kì í sì í ṣe Shina Peters, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin tí jùjú wà nílé yín láyé ìgbà yẹn mọ̀ pé àwọn olórin pọ̀ ju orúkọ méjì mẹ́ta tí gbogbo ayé ń pè lọ. Bí mo sì ṣe ń pè é ní "ó" yìí, kò sí àfojúdi níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ olórin nílé wa nìyẹn, bí ẹni pé ó ń gbé yàrá kejì.

Ọdún 1978 ni bàbá mi ra àwo ọ̀gá yìí kan, ọdún tí wọ́n gbé Màmá wọlé. Ẹ rántí bí àwo jùjú ṣe máa ń rí: ojú kan, orin kan ni, tàbí mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ra tí wọn ò jẹ́ kó já, bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Bí abẹ́rẹ́ bá ti bọ́ sórí rẹ̀, kò sí pé o fẹ́ fo ibì kan. Wàá jókòó tì í ni. Bàbá mi ní aṣọ funfun kan tí wọ́n fi ń nu àwo náà, ẹni tó bá fi aṣọ yẹn nu tábìlì, a jẹ́ pé ó ń wá ẹgba. Ojú kejì ni wọ́n fẹ́ràn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí gìtá á dákẹ́, ọ̀gá á wá gbé ohùn sókè, ohùn tín-ín-rín báyìí, á fa ọ̀rọ̀ kan gùn títí èémí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí gángan tó dá a lóhùn. Bó bá ti dé ibẹ̀, bàbá mi á ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbọ́ ọ." Bí ẹni pé Màmá ò gbọ́ ọ lánàá.

Ọdún 2011 ni bàbá mi kú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà ti kú ṣáájú wọn.

Nígbà tí mo wá rí i lórí Facebook pé ọ̀gá ń bọ̀ wá ṣeré n'Ìkẹjà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. ₦25,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tábìlì iwájú, ti àwọn olówó, mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Màmá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, wọ́n gbé páálí àwo náà jáde, wọ́n nù ún, wọ́n dì í sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ní ọ̀gá máa bá àwọn fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣẹ́ owó tuntun, igba náírà igba náírà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ayé ti yàtọ̀, pé òfin Báńkì Àgbà ti ọdún 2007 ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà lóde ijó máa fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán gbára, tàbí kó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní àwọn ò ní fọ́n ọn, àwọn á rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ò le: ẹ jẹun yó kí ẹ tó kúrò nílé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó. A ti gbéra n'Íbàdàn láti aago mọ́kànlá nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀nà Èkó máa fojú ẹni rí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ká wa mọ́ Ìbàfo lóòótọ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀gá jáde. Ẹ ò ní gbàgbọ́ iye tí wọ́n ń ta omi. Ẹ sì béèrè ibi tí àga yín máa wà kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yìn sípíkà ńlá kan ni wọ́n fi tiwa sí. Apá òsì ìtàgé là ń rí jù, níbi tí àwọn onílù jókòó sí. Mo ń bínú nígbà náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìṣẹ́jú márùnlélógójì ló kọ́kọ́ fi ki àwọn tó wà nídìí tábìlì. Kí ẹ tó fèsì: mo mọ̀ pé jùjú láìsí oríkì, ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ ni. Kì í ṣe oríkì ni mo ń bá jà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ló dúró tì í tó ń sọ orúkọ sí i létí, tí òun náà á sì sọ ọ́ síta bó ṣe gbọ́ ọ. Ó pe oníṣòwò epo kan ní orúkọ ẹni tó jókòó tì í, ọkùnrin náà sì dìde jó. Atọ́kùn ètò ń ka owó tó ń wọ àkáǹtì jáde, ẹni báyìí, ìlú báyìí, iye báyìí, bí ẹni ń ka ìkéde òkú lórí rédíò. Màmá ò bínú ní tiwọn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Ó wá kan orin wa.

Gìtá ló kọ́kọ́ wọlé, Màmá sì ti dìde kí n tó mọ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín ní làkúrègbé orúnkún mọ ohun tí ìdìde yẹn ná wọn. Wọ́n di èjìká mi mú. Ohùn bọ́ síta, ohùn 1978 gan-an, tín-ín-rín, kedere. Orí mi wú. Mo ní ọkùnrin yìí ò gbó rárá! Gìtá dákẹ́. Ó dé ibi tó ti máa ń fa ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbà yẹn làwọn kan níwájú yẹ̀, mo wá rí ọ̀gá dáadáa. Ó ti ki ọwọ́ sápò agbádá, ó fa áńkáṣíìfù funfun yọ, ó sọ máìkì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó ń nu òógùn ọrùn.

Ohùn náà ń lọ.

Ó nu iwájú orí. Ohùn náà ń lọ. Ẹnu rẹ̀ pa dé pátápátá, ó tiẹ̀ ń juwọ́ sí ẹnì kan. Mo wá tẹ́tí, mo sì gbọ́ ohun kan lábẹ́ orin náà, pà, pà, pà, bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Ìró àwo tó ti ha ni. Wọn ò tiẹ̀ wá ojúlówó orin náà rí, orí àwo tó ti gbó ni wọ́n ti gbà á, bóyá àwo tó ha ju ti bàbá mi lọ.

Màmá tẹ̀ mọ́ mi létí. Wọ́n ní, "Àlàbí, ta ló wá ń kọ ọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ ni, Mà." Irọ́ ni mo pa fún wọn. Wọn ò tún béèrè. Wọ́n rọra jókòó, wọ́n gbé ọ̀rá dúdú yẹn sórí itan, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó ń dún ṣàràṣàrà. Àwọn tó wà níwájú ń hó yèè, fóònù wọn wà lókè. Ó dà bíi pé àwa méjèèjì nìkan la rí i. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bí mo bá dijú, áńkáṣíìfù yẹn ni mo ń rí.

Ẹ máa sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Mo gbà. Bí èèyàn bá dàgbà, èémí á kúrú, ohùn òkè á sá lọ. Ta ló ń bá a jà? Kí wọ́n sọ kíì orin náà kalẹ̀, kí ohùn rẹ̀ má ga jù. Kí ó kọ díẹ̀, kí àwọn elégbè gbà á. Fatai Rolling Dollar, tí wọ́n bí ní 1927, tí Obey gan-an ti bá ṣeré rí kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí ìràwọ̀ rẹ̀ tó tún yọ, títí tó fi kú ní 2013 ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ gìtá ọwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ha. Ṣé ẹnì kan dá owó rẹ̀ padà? Ohùn tó ha, a lè jó sí i. Bó bá jẹ́ àwo la fẹ́ gbọ́, àwo wà nílé.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè bínú tán sì nìyí. Ní bí aago méjìlá ku díẹ̀, iná kú. Jẹnẹrétọ̀ ló dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nínú òkùnkùn yẹn, ọ̀gá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan lẹ́nu lásán, láìsí máìkì, ohùn nísàlẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi wé. Iná dé, wọ́n tún tẹ àwo sílẹ̀. Ó lè ṣe é! Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó jẹ mí lógún. Ẹ máa wo onílù. Bí ẹ bá lọ wo àgbà olórin, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa wo onílù. Jùjú tí Túndé King àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó láyé àwọn bàbá bàbá wa ò ní gángan nínú. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọ̀ ọ́, láti ìgbà náà ló ti di ẹnu kejì olórin. Wọ́n lè fi àwo rọ́pò ẹnu kìíní. Ẹ wo abẹ́ apá onígángan bó ṣe ń fún ọsán, tó tún ń dẹ̀ ẹ́, ẹ wo kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa ti mọ ẹni tó wá ṣiṣẹ́.

Nígbà tí àwo ń kọrin wa yẹn, gángan méjì ni mo ń gbọ́. Ọ̀kan wà nínú àwo. Èkejì wà níwájú wa níbẹ̀, lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí wọ́n fi fìlà abetí-ajá bojú díẹ̀, wọn ò sì tẹ̀ lé ti inú àwo rárá. Bí ti àwo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á wá fèsì tó yàtọ̀. Mo rò pé wọ́n ṣì í ni. Màmá ló fa páálí yọ nínú ọ̀rá, tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi, wọ́n fìka tọ́ka sí àwòrán: ẹnì kẹta láti apá òsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní gángan lábẹ́ apá. "Òun nìyẹn," wọ́n ní. Ara wọn ọdún 1978 ni bàbá yẹn ń dá lóhùn. Bó bá jẹ́ pé tábìlì mílíọ̀nù kan ààbọ̀ la jókòó sí, a ò bá má rí wọn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá lẹ́yìn eré. Ẹ̀yìn ilé la ti bá bàbá onígángan, wọ́n jókòó sórí àpótí sípíkà, wọ́n ń mu omi. Wọ́n fi iná fóònù wo páálí náà títí. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i pé mo nírun." Wọ́n bi Màmá lórúkọ, wọ́n fa gángan mọ́ra, wọ́n pè é: dò dò mí. À-bẹ̀-kẹ́. Màmá tú etí ìró. Kò sẹ́ni tó fọ́n ohunkóhun, ọwọ́ sí ọwọ́ ni. Mo fún bàbá ní bírò, wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé kọ, wọ́n fa ìlà kékeré kan sábẹ́ àwòrán ara wọn.

A délé ní bí aago mẹ́ta òru. Ẹgbẹ́ náà tún máa ṣeré n'Íbàdàn ní Disẹ́ńbà, Màmá sì ti ń béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wádìí bóyá bàbá yẹn ń bọ̀.